Lábẹ́ Yìnyín: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò Lórí Adágún Tó Dì

Ọjọ́ Kìn-ín-ní

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé etí adágún náà, oòrùn ìgbà òtútù tí kì í gòkè púpọ̀ sì ti ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan ojú ọ̀run. Àwa mẹ́ta ni a wá: olùkọ́ wa, tí wọ́n ti ń wọn ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ yìnyín láti ìgbà tí irun orí wọn ṣì dúdú kirikiri, ẹlẹgbẹ́ mi, tí ó mọ ẹ̀rọ tún ṣe, àti èmi, tí wọ́n yàn láti máa kọ ohun tí a bá rí sílẹ̀.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Yìnyín ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pe omi tó dì, yìnyín náà ni a sì tún ń pe èyí tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì gan-an ni ohun tí a torí rẹ̀ wá síbí. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, yìnyín ni omi adágún tí ó dì tí ó sì le bí òkúta. Òjò dídì ni ohun funfun tó fúyẹ́ bí òwú, tí ó bọ́ lé e lórí.

A kò ṣe iṣẹ́ kankan lónìí ju pé a dán ọ̀nà wò. Olùkọ́ ń lọ níwájú, wọ́n ń fi ọ̀pá onírin gún yìnyín ní ìṣísẹ̀ mélòó kan síra wọn, àwa sì ń tẹ ibi tí wọ́n tẹ̀. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn kò gbọ́dọ̀ gun yìnyín tó mọ́ gaara tí kò bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 ó kéré tán, èyí tó funfun kò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ rárá; ìdajì agbára ni wọ́n ní kí a máa kà fún un. Olúkúlùkù wa fi ìṣó ńlá méjì tí a so mọ́ okùn kọ́ ọrùn, kí ẹni tó bá já sínú omi lè fi wọ́ ara rẹ̀ jáde.

Ọjọ́ Kejì

Ibi tí a kọ́kọ́ dúró sí kò jìnnà sí etí omi, níbi tí igi gbé dí afẹ́fẹ́ lọ́nà, tí òjò dídì sì ti kó jọ. A fi ọ̀pá wọn òjò dídì náà, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14. A lu ihò, a sì fi ayùn gé odindi òkúta yìnyín kan jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ tí ó gba ju wákàtí kan lọ tí ó sì mú kí a bọ́ aṣọ òtútù sílẹ̀ nínú òtútù.

Nígbà tí a gbé òkúta náà dúró ní ìdojúkọ oòrùn, ẹni tí kò kàwé rí á rí i pé ohun méjì ni. Sẹ̀ǹtímítà 6 òkè funfun bí wàrà, kò sí ohun tí a lè rí ní òdìkejì rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 40 tó kù nísàlẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ka ọ̀rọ̀ inú ìwé mi láti ẹ̀yìn rẹ̀, àfi ibi tí ìhó afẹ́fẹ́ mélòó kan gbé tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Èyí tó mọ́ ni àwọn tó ń gbé lẹ́bàá irú adágún bẹ́ẹ̀ ń pè ní yìnyín dúdú. Kì í ṣe pé ó dúdú fúnra rẹ̀. Omi dúdú tó wà nísàlẹ̀ ni ojú ń rí láti inú rẹ̀.

Orírun wọn yàtọ̀ síra. Yìnyín dúdú ń dàgbà láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀: omi ń dì mọ́ abẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àti nítorí pé kì í kánjú, ó máa ń ti afẹ́fẹ́ inú omi kúrò lọ́nà bó ṣe ń dì. Yìnyín funfun kì í ṣe ọmọ adágún nìkan. Òjò dídì tí omi rin, tí ó wá dì pẹ̀lú afẹ́fẹ́ nínú, ni. Bí omi ṣe ń dé òkè yìnyín kí ó tó rin òjò dídì, a óò rí i ní ọjọ́ karùn-ún, ju bí a ṣe fẹ́ lọ.

Ọjọ́ Kẹta

Mo ní láti jẹ́wọ́ àṣìṣe kan. Ẹ̀rọ ìwọn-ìmọ́lẹ̀ wa wà ní ìpẹ̀kun apá irin kan tí ó gùn ní mítà kan àtààbọ̀. A ń sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ihò ní òòró, nígbà tí ó bá dé ìsàlẹ̀ yìnyín a óò fa okùn kan, apá náà yóò sì yí dùbúlẹ̀ lábẹ́ yìnyín, kí ẹ̀rọ lè jìnnà sí ihò. Ẹ̀rọ kejì wà lókè, ó kọjú sí ọ̀run, èyí ni a fi ń mọ iye ìmọ́lẹ̀ tó dé sórí adágún. Ìṣirò rẹ̀ kò le: a pín ti ìsàlẹ̀ sí ti òkè.

Èsì àkọ́kọ́ tí mo kọ sílẹ̀ ni pé 11 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ló dé abẹ́ yìnyín. Inú mi dùn. Olùkọ́ wo ìwé mi, wọ́n wo ihò, wọ́n sì wí pé, “Bo ihò yẹn ná, kí o tó sọ fún mi pé oòrùn wọlé.” Mo ti fi ihò sílẹ̀ gbayawu! Ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú rẹ̀ wọ inú omi bí ẹni tó gba fèrèsé wọ ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, ó sì ń tàn dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ lábẹ́ yìnyín. Nígbà tí a fi aṣọ dúdú bo ihò, tí a sì da òjò dídì tí a ti kó kúrò padà sórí rẹ̀, èsì wálẹ̀ sí ohun tí kò tó 2 nínú 100. Mo fa ìlà sí 11 náà, ṣùgbọ́n n kò pa á rẹ́.

Ní ọ̀sán, a mú ṣọ́bìrì, a sì gbá òjò dídì kúrò lórí àyè kan tí ó jẹ́ mítà 4 ní ìbú àti òòró, pẹ̀lú ẹ̀rọ ní àárín rẹ̀ nísàlẹ̀. Èsì fò sókè. A fẹ̀ àyè náà sí mítà 10, ó tún gòkè sí i, nítorí pé ẹ̀rọ abẹ́ yìnyín kì í rí ohun tó wà lókè orí rẹ̀ gan-an nìkan. Ó ń rí gbogbo àyíká, bí òkùnkùn bá sì yí fèrèsé kékeré ká, òkùnkùn náà á wọ inú ìṣirò. Lẹ́yìn èyí ni ó tó dúró sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Yìnyín kan náà ni, omi kan náà ni, sẹ̀ǹtímítà 14 òjò dídì nìkan ni a kó kúrò.

Ọjọ́ Kẹrin

Ìjì. A kò lè rí ẹsẹ̀ ara wa níta, a jókòó sínú àgọ́.

Olùkọ́ fi àkókò náà kọ́ wa ní òfin tí a ń lò láìrònú, èyí tó sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dínkù bó ṣe ń la nǹkan kọjá. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta ló ṣe é: Pierre Bouguer ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1729, Lambert fi ìṣirò gbé e kalẹ̀ ní 1760, Beer sì fi kún un ní 1852. Kókó rẹ̀ ni pé ìpele kọ̀ọ̀kan kì í mú iye kan náà kúrò nínú ìmọ́lẹ̀, bí kò ṣe ìdá kan náà nínú ohun tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí sẹ̀ǹtímítà 5 òjò dídì tí afẹ́fẹ́ ti kì mọ́lẹ̀ bá jẹ́ kí ìdajì ohun tó wọ inú rẹ̀ kọjá, sẹ̀ǹtímítà 10 á jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́rin kọjá, 15 á sì jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́jọ kọjá. Fún yìnyín tó mọ́ gaara, ó lè súnmọ́ mítà kan kí ìmọ́lẹ̀ tó dínkù sí ìdajì bẹ́ẹ̀. Gbogbo èyí sì jẹ́ lẹ́yìn tí ojú òjò dídì bá ti gba tirẹ̀, nítorí pé òjò dídì tuntun ń dá 80 sí 90 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà sójú ọ̀run kí ohunkóhun tó wọlé. Òun ló fà á tí a fi ń wọ awò dúdú; ẹni tó bá ṣí ojú sílẹ̀ lórí òjò dídì láti àárọ̀ di alẹ́, ìtànṣán tó ń ta padà lè sun ojú rẹ̀.

Ẹlẹgbẹ́ mi wá béèrè ìbéèrè tí ó yẹ kí n ti béèrè: ṣebí yìnyín náà ni hóró òjò dídì jẹ́? Bí a bá mú hóró kan sórí ìka, ó mọ́ gaara bí gíláàsì. Kí ló dé tí òkìtì rẹ̀ fi funfun?

Olùkọ́ ní afẹ́fẹ́ ni. Nínú òjò dídì tuntun tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 100 fún mítà onígun mẹ́ta kan (àyè tí ìbú, òòró àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan), yìnyín kò ju nǹkan bí 11 nínú 100 àyè rẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ ni ìyókù. Ní gbogbo ìgbà tí ìtànṣán bá kúrò nínú afẹ́fẹ́ bọ́ sínú yìnyín, tàbí tí ó tinú yìnyín bọ́ sínú afẹ́fẹ́, ó ń yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, nǹkan bí 2 nínú 100 rẹ̀ ó kéré tán sì ń ta padà. Méjì kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu-ibodè kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni, nínú ohun tí kò ga ju ọwọ́ lọ, bí ìtànṣán bá sì ti yà lẹ́ẹ̀kan, tí ó yà lẹ́ẹ̀mejì, tí ó yà nígbà ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ á ti rí ọ̀nà padà sókè. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú yìnyín funfun, àfi pé níbẹ̀, inú ìhó kéékèèké ni afẹ́fẹ́ náà há sí.

Ọjọ́ Karùn-ún

Ìjì dá. Òjò dídì tuntun tó bọ́ sí ibi tí a ń ṣiṣẹ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15. Mo gbé ẹsẹ̀ lé e, mo sì rì dé ọrùn ẹsẹ̀ sínú omi tútù. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n yìnyín kò fọ́. Òkè rẹ̀ ni omi wà.

Ìṣirò rẹ̀ ṣe kedere. Mítà onígun mẹ́ta yìnyín wọn kìlógíráàmù 917, ti omi sì jẹ́ 1,000, nítorí náà yìnyín tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 46 lè ru nǹkan bí kìlógíráàmù 38 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan kí orí rẹ̀ tó bọ́ sábẹ́ ojú omi. Ẹrù àtijọ́ tí ó ru, sẹ̀ǹtímítà 14 òjò dídì tó ti kì, jẹ́ nǹkan bí 35. Ìjì fi bí 15 kún un, ẹrù wá ju ẹlẹ́rù lọ. Yìnyín rì díẹ̀, omi gba inú sísán yìnyín gòkè, ó sì rin ìsàlẹ̀ òjò dídì. Bí ó bá dì tán, yìnyín funfun tuntun nìyẹn.

Ohun tí ó fa ojú mi mọ́ra ni àwọ̀ ibi tí omi rin. Kò funfun mọ́. Ó dà bí eérú tí a da omi sí, ibi tí omi pọ̀ jù sì ṣú dùdù. A kò mú hóró kan kúrò níbẹ̀, omi kàn dí àyè tí afẹ́fẹ́ wà tẹ́lẹ̀ ni. Láàárín afẹ́fẹ́ àti yìnyín, ìyàtọ̀ nínú bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí ìmọ́lẹ̀ pọ̀: nọ́ńbà tí a fi ń wọn ín jẹ́ 1.00 fún afẹ́fẹ́, 1.31 fún yìnyín. Láàárín omi àti yìnyín, 1.33 sí 1.31 ni, ìtànṣán tó ń kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé òun ti kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Ohun tó ń ta padà níbẹ̀ kò tó ẹyọ kan nínú ẹgbàárùn-ún.

Bàtà mi kò gbẹ títí di ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ Kẹfà

A lọ sí àárín adágún. Ìjì tó kó ẹrù lé wa lórí létí omi ti gbá ibẹ̀ mọ́ féfé. Yìnyín dúdú ni ilẹ̀ lásán, ó ń dán, a sì ń rí ìhó tó há sínú rẹ̀ bí owó ẹyọ tó tò sórí ara wọn. N kò lè purọ́, ẹsẹ̀ mi gbọ̀n láti tẹ̀ ẹ́.

A lu ihò, a wọn ín, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 58, sẹ̀ǹtímítà 12 ju ti etí omi lọ. Kò yẹ kí èyí yani lẹ́nu, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú òjò dídì tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà náà ni kì í jẹ́ kí ooru omi tètè jáde. Ibi tí kò bá sí irú aṣọ bẹ́ẹ̀, òtútù ń wọlé, yìnyín sì ń nípọn. A bo ihò dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, a yí apá irin náà, a sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó gbà á gbọ́. Nǹkan bí 60 nínú 100 ló wọlé.

Mo kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú ewé kan: lábẹ́ òjò dídì létí omi, kò tó 2, níbẹ̀ kan náà lẹ́yìn tí a gbá a, tí yìnyín funfun ṣì wà lórí, ìdá kan nínú mẹ́ta, lábẹ́ yìnyín tó nípọn jù lọ, 60. Bí ẹnì kan bá ní kí n sọ bí inú adágún kan ṣe mọ́lẹ̀ tó, n kò ní kọ́kọ́ béèrè bí yìnyín rẹ̀ ṣe nípọn tó mọ́.

Ọjọ́ Keje

Àwọ̀ ni iṣẹ́ òní. Olùkọ́ fi ọ̀pá gún òkìtì òjò dídì jíjìn kan létí igbó, wọ́n fà á yọ, wọ́n sì ní kí a wo inú ihò náà. Àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ ló wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Yìnyín ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì ju ti aró lọ, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni, a kì í sì í rí i nínú hóró kan ṣoṣo. Ìtànṣán tó ti rìn gbéregbère láti hóró dé hóró ti la yìnyín púpọ̀ já kí ó tó dé ojú wa, pupa rẹ̀ á sì ti ṣòfò lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n inú omi adágún yìí kì í ṣe àwọ̀ aró. Ẹlẹgbẹ́ mi dojú bolẹ̀ lórí yìnyín, ó fi aṣọ bo orí àti ihò pọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní òun rí ìmọ́lẹ̀ ràkọ̀ràkọ̀ tó dà bí ewé, tí ó ń lọ sí àwọ̀ ilẹ̀ bí ó ti ń jìn. Omi tó ti rẹ ewé jíjẹrà láti inú igbó ló fà á: àbàwọ́n inú rẹ̀ ń mu àwọ̀ aró. Yìnyín kó pupa, omi kó aró, àárín ni ó ṣẹ́ kù fún ohun tó ń gbé nísàlẹ̀.

Ọjọ́ Kẹjọ

A sọ okùn kan tí a so ìwọ̀n ooru mọ́ sílẹ̀ dé ìsàlẹ̀ adágún. Lábẹ́ yìnyín gan-an, omi wà ní dígírì 0. Nísàlẹ̀ pátápátá ó súnmọ́ 4. Omi tó móoru jù ló wà nísàlẹ̀, nítorí pé nǹkan bí dígírì 4 ni omi tí kò níyọ̀ máa ń wúwo jù. Níbi tí oòrùn bá ti lè wọlé, ìmọ́lẹ̀ tí omi mu ń di ooru. Omi tó móoru díẹ̀ ju 0 lọ á wúwo ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á rì, òmíràn á gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni adágún tí a rò pé ó ń sùn ṣe ń po ara rẹ̀ lábẹ́ òrùlé tó dì.

Ìpopọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún àwọn algae, àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú omi tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ bí ewéko, pàápàá irú wọn tíntìntín tí a ń pè ní diatom, tí ara wọn wúwo, tí wọn ìbá rì sínú òkùnkùn bí omi kò bá mì. Lórí Baikal ní Rọ́ṣíà, adágún tó jìn jù lọ láyé ní mítà 1,642, afẹ́fẹ́ máa ń gbá òjò dídì kúrò lórí yìnyín dúdú, àwọn diatom sì máa ń pọ̀ lábẹ́ rẹ̀ kí yìnyín tó yọ́. Ní àfonífojì Taylor ní Antarctica, ilẹ̀ òtútù tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, yìnyín tó nípọn ní mítà 3 sí 5 kì í kúrò lórí àwọn adágún níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ́ wọlé sì tó fún àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ bí ẹní.

Ní adágún tí kò jìn, tí òjò dídì bò ní gbogbo ìgbà òtútù, nǹkan lè yíwọ́. Àwọn algae kò rí ìmọ́lẹ̀ tí wọn yóò fi ṣe oúnjẹ, wọn kò sì tú ọ́síjìn jáde. Jíjẹrà nísàlẹ̀ ṣì ń jẹ èyí tó wà tẹ́lẹ̀, yìnyín kò sì jẹ́ kí ti afẹ́fẹ́ wọlé. Ìgbà tí yìnyín bá yọ́ ni wọ́n ń rí òkú ẹja.

Ọjọ́ Kẹsàn-án sí Kejìlá

Oòrùn, oòrùn, oòrùn. Òjò dídì létí omi ń rin, hóró rẹ̀ ń tóbi sí i, ó sì ń ṣókùnkùn lójú wa. Bí ó bá ti ṣókùnkùn, á mu oòrùn sí i. Bí ó bá mu oòrùn sí i, á tún yára yọ́. A kò lè rìn létí adágún mọ́, pátákó gígùn ni a ń gbà kọjá. Bátìrì ẹ̀rọ òkè kú ní ọjọ́ kọkànlá, a pàdánù ọ̀sán kan.

Ọjọ́ Kẹtàlá

A lọ sí àárín fún ìgbà ìkẹyìn ní àárọ̀ kùtùkùtù. Mo rò pé ìjì mìíràn ti wá lóru, nítorí pé yìnyín dúdú tí a fi sílẹ̀ lánàá ti funfun. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi ọwọ́ gbá òjò dídì kúrò, ọwọ́ mi sì bá yìnyín tó ń rún bí iyọ̀. Ojú ọ̀run kò rọ̀ ohunkóhun. Ọjọ́ mẹ́rin oòrùn ti wọ àárín àwọn hóró ńlá tí yìnyín fi kọ́ ara rẹ̀, ó ti yọ́ ìdè tó so wọ́n pọ̀, omi tó yọ́ sì ti ṣàn wálẹ̀ gba inú sísán. Àyè tó ṣófo, afẹ́fẹ́ ti bọ́ sí i.

Olùkọ́ ní kí a kúrò kíákíá, nítorí pé yìnyín tó ti pín sí ọ̀pá bẹ́ẹ̀ lè nípọn kó má sì lè gbé èèyàn. A ká okùn, a kó apá irin sórí pátákó. Kí a tó lọ, mo ṣí ìgò omi mi, mo sì da ìyókù rẹ̀ sórí ibi funfun kan tí kò tóbi ju àwo lọ. Omi náà rì wọ inú rẹ̀. Funfun parẹ́, ojú adágún sì tún ṣí níbẹ̀, dúdú, títí omi fi ṣàn tán.